Ìyá Ọmọ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga: Ìgbàgbọ́ ní Ọjọ́ Ìdánwò

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń pe nǹkan méjì. Ìdánwò ni a ń pe ìbéèrè tí olùkọ́ fi ń yẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ìdánwò náà sì ni a ń pe ìṣòro tí ó ń yẹ ọkàn onígbàgbọ́ wò. Ìyá ọmọ tí ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kò nílò àlàyé lórí èyí, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni ó sábà máa ń bá méjèèjì pàdé.

Ẹ̀yin ìyàwó wa tí ẹ ń kàwé kò kéré níye. Àwọn kan wà ní yunifásítì. Àwọn kan ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún 3 kí wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí NCE. Àwọn mìíràn ń ti ilé kàwé lábẹ́ National Open University, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, tí a tì pa ní 1984, tí a sì tún ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí a wà yìí. Ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ ń dáná, ẹ sì ń há ìwé sórí. Bí ibà bá mú ọmọ ní òru tí ìdánwò kù sí òwúrọ̀, ìyá ni yóò gbé e mọ́ra di ojúmọ́. Bí àwọn olùkọ́ yunifásítì bá da iṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún oṣù 8 ní 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, ẹ̀yin tí ẹ ti fi owó ilé àti ọjọ́ orí ọmọ ṣírò ọdún tí ẹ ó parí ni ó máa ń dùn jù.

Ǹjẹ́ ìgbàgbọ́ Kristi ní ohun tí ó lè ṣe nínú irú wàhálà báyìí, ju pé kí a kàn máa sọ pé Ọlọ́run yóò ṣe é? Ó ní.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni Dáníẹ́lì

Inú ihò kìnnìún ni a sábà máa ń rántí Dáníẹ́lì sí, a sì máa ń gbàgbé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ 3 ní ìgbèkùn lọ sí Bábílónì, wọ́n pa orúkọ wọn dà, wọ́n sì fi wọ́n sí ẹ̀kọ́ ọdún 3, bí ti NCE gan-an. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò kọ ẹ̀kọ́ àjèjì náà. Wọ́n kọ́ ọ dé ojú àmì. Oúnjẹ ọba ni wọ́n sọ pé àwọn kì yóò fi ba ara àwọn jẹ́. Dáníẹ́lì kò sì bá ìwẹ̀fà tí ń tọ́jú wọn jà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dán àwọn wò fún ọjọ́ 10. Nígbà tí ọba fúnra rẹ̀ wá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ta gbogbo ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ náà yọ.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ààlà rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tí ó bá dúró di inú gbọ̀ngàn ìdánwò kí ó tó pinnu bóyá òun yóò wo ìwé ẹlòmíràn, ìbẹ̀rù ni yóò bá a pinnu.

Máàkì tí a ń fi ara rà

Ìdánwò kan wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, BBC gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà àti Gánà tí ń fi ipò wọn wá ara akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ wá di ohun tí gbogbo ayé fi ojú rí. Jósẹ́fù kò dẹ́ṣẹ̀ ní ilé Pọ́tífárì, síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù ú sí. Bíbélì kò fi pamọ́ fún wa pé òtítọ́ lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Nítorí náà, bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá kọjú sí yín, ẹ má ṣe nìkan lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ pa gbogbo ohun tí ó bá kọ ránṣẹ́ mọ́. Ẹ sọ fún ọkọ yín, kí ẹ sì fi ìwé fẹ̀sùn kan án lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ẹni tí ó dẹ ẹ̀bìtì ni ìtìjú tọ́ sí, kì í ṣe ẹni tí a dẹ ẹ́ dè. Ẹ̀yin ọkọ náà, ọjọ́ tí aya yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi í pé aṣọ wo ni ó wọ̀.

Àkàrà, omi àti oorun

Nígbà tí ó rẹ Èlíjà tọkàntara, tí ó jókòó sábẹ́ igi tí ó sì ń tọrọ ikú, áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Àkàrà àti omi ni ó gbé fún un. Èlíjà jẹ, ó sùn, wọ́n tún jí i, ó tún jẹ; lẹ́yìn náà ni ó tó lè rin ìrìn àjò 40 ọjọ́. Ìyá ọlọ́mọ tí ó ní ìdánwò ní agogo 8 kò dẹ́ṣẹ̀ bí kò bá lọ sí ìṣọ́ òru. Bí ìbànújẹ́ bá sì wọni lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí oúnjẹ kò lọ tí oorun kò sì wá, kí ẹ rí dókítà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Àdúrà kò sì lè gba ipò ìwé kíkà. Ẹni tí kò kàwé tí ó ń gbààwẹ̀ kí ó lè yege dàbí àgbẹ̀ tí ń súre fún oko tí kò gbin nǹkan sí. Bí ọmọ bá sùn fún wákàtí kan, ẹ gbàdúrà ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì fi ìyókù kàwé.

Ìmọ̀ràn àna Mósè

Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni Mósè ń dá nìkan gbọ́ ẹjọ́ gbogbo Ísírẹ́lì. Àna rẹ̀, Jẹ́tírò, ni ó là á lójú pé yóò dá ara rẹ̀ lágara, pé kí ó pín iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin náà, ẹ pín in. Kí ọkọ mọ ọjọ́ tí yóò wẹ ọmọ; kí ìyá ọkọ mọ ọ̀sẹ̀ ìdánwò ní oṣù kan ṣáájú, kí ó lè wá ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ onígbàgbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wúlò pẹ̀lú. NIFES, tí a dá sílẹ̀ ní 1968, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gba iṣẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, kí ẹgbẹ́ má baà di ẹrù mìíràn.

Bí èsì bá jáde, tí ẹ sì ní láti tún iṣẹ́ kan ṣe, ẹ rántí Samuel Ajayi Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, kò sì mọ ìwé nígbà náà. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Bíbélì Yorùbá tí ẹ ń kà lálẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀, ọdún kan tí ó sì lọ kò sọ iṣẹ́ dòfo.

Kí Ọlọ́run fún yín ní agbára, kí àwọn ọmọ yín sì wà níjókòó ní ọjọ́ tí a ó pe orúkọ yín gba ìwé ẹ̀rí.