Gbígba Orin Inú Àwo Àtijọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́." Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n òwe náà bá ohùn inú àwo orin mu pẹ̀lú. Àwo tí abẹ́rẹ́ ń họ lójoojúmọ́, tí eruku ọyẹ́ bò, tàbí tí ooru mú kí ó wọ́, ohùn inú rẹ̀ ti ń bọ̀ wá parun nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin olùwòran wa, ètò wa tòní dá lórí bí ènìyàn ṣe lè jókòó sí ilé rẹ̀, kí ó gba orin inú àwo sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì tún un ṣe láìbà á jẹ́.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: kí ni a fẹ́ fi orin àtijọ́ ṣe? Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá, tí ó ju ogójì lọ, sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní ọdún 1930. Ìwé lè sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n àwo nìkan ni ó lè jẹ́ kí á gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń dún lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwo àpàlà Haruna Iṣọla tí a ń pè ní "Oroki Social Club", ti ọdún 1971, ṣe jẹ́ ẹ̀rí bí a ṣe ń ki ènìyàn àti ẹgbẹ́ nígbà náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ irú àwo bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa láyé ìgbà náà ti kógbá wọlé. Níbi tí téèpù àkọ́kọ́ bá sì ti sọnù, àwo tí ó wà nínú àpótí bàbá àgbà ni ẹ̀rí tí ó kù.

Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí àwa tí a wà ní Òkòkòmáíkò, Ìbà àti Ọ̀jọ́. Ọjà Alábà tí a ti ń ra ẹ̀rọ wà nítòsí wa; Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà láàárín wa. A ní ohun èlò, a sì ní ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò.

Kí ni a nílò? Èkíní ni ẹ̀rọ giramafóònù tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì dára. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní phono preamp. Ohùn tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde kéré púpọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí ń gé àwo a máa dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọn a sì fi kún ohùn òkè, ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà RIAA ti ọdún 1954. Ẹ̀rọ kékeré yìí ni ó ń gbé ohùn náà ga, tí ó sì ń dá a padà sí bí ó ti yẹ. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹrin ni ètò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Audacity, ó sì tó fún iṣẹ́ yìí.

Kí á tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ẹ jẹ́ kí á nù ún. Aṣọ tí ó rọ̀ àti omi mímọ́ díẹ̀ tó; kí omi má ṣe kan ìwé àárín rẹ̀. Àwo ṣẹ́láàkì àtijọ́, èyí tí ó wúwo tí ó sì ń fọ́ bí abọ́ tánganran, kò gbọdọ̀ rí sípíríìtì rárá, nítorí sípíríìtì a máa yọ́ ọ. Ìgbà 78 ni irú àwo bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwo ike, nítorí náà ó ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kàn wá gidigidi. Mọ́tò inú àwọn giramafóònù àtijọ́ kan ń tẹ̀ lé iná mànàmáná, tí ń lọ tí ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, tí fíríìjì sì gba iná lójijì, jẹnẹrétọ̀ á rọlẹ̀, àwo á falẹ̀, ohùn orin á sì wálẹ̀. Nínú èdè olóhùn bíi tiwa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ìlù tí ń sọ̀rọ̀ yóò dà bí ẹni tí ó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó sàn kí á lo ínfátà tí iná rẹ̀ dúró ṣinṣin, tàbí kí á dúró de iná ìjọba ní òru, nígbà tí ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà Badagry ti dínkù.

Nígbà tí a bá ń gbà á sílẹ̀, kí ibi tí ohùn ti ga jù lọ má ṣe kọjá -6 dB. Ohùn tí ó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ ti gé lórí, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà. Kọ̀ǹpútà a máa wọn ohùn lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: 44,100 ni ti CD, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé, IASA, ní kí ó má dín sí 48,000, pẹ̀lú bit 24. Kí á fi fáìlì pamọ́ ní WAV. MP3 a máa ju apá kan ohùn nù kí ó lè fúyẹ́. Kí á lò ó fún ẹ̀dà tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ nìkan.

Wàyí o, a dé orí àtúnṣe, níbi tí ewu wà jù lọ. Òfin àkọ́kọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáìlì ìpìlẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí á máa tún ṣe. Ìró "tá" tí ojú họ́họ́ ń mú wá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí á máa yọ wọ́n. Ní ti ìró "ṣáá" tí ń lọ lábẹ́ orin, ètò kọ̀ǹpútà a máa mú àpẹẹrẹ rẹ̀ níbi tí orin kò sí, a sì máa wá irú rẹ̀ kiri inú orin láti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń wí? Ìró "ṣáá" kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín eruku àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó tún lè bu /s/ àti /ṣ/ jẹ lẹ́nu olórin, tí "sá" àti "ṣá" yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Nínú Audacity, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Residue, tí ń jẹ́ kí á gbọ́ kìkì ohun tí a fẹ́ yọ nù. Bí a bá gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí ohùn ènìyàn níbẹ̀, a ti ṣe àṣejù. Kí á dín in kù. Ó sàn kí orin ní eruku díẹ̀ ju kí ó mọ́ láìní ẹ̀mí lọ.

Bákan náà, ọ̀pọ̀ àwo jùjú àti fújì ni orin wọn ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ apá kan dé òpin rẹ̀ láìdánu dúró. Kí á má ṣe gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àmì ni kí á fi sí ibi tí orin ti yí padà. Lẹ́yìn náà, kí á kọ orúkọ olórin, ilé-iṣẹ́, ọdún àti nọ́ńbà àwo sí ara fáìlì, kí á ya àwòrán páálí rẹ̀, kí á sì tọ́jú ẹ̀dà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á rántí òfin pẹ̀lú. Àwo lè jẹ́ tiwa, kí orin inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 2022 ń dáàbò bo olórin àti àwọn àrólé rẹ̀. Kí á gba orin sílẹ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́ ara ẹni yàtọ̀ sí kí á máa tà á lọ́jà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi iṣẹ́ yìí lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ́wọ́: kí olúkúlùkù béèrè àwo kan lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀, kí ó gbà á sílẹ̀, kí ó sì jókòó ti àgbà náà láti bèèrè àwọn tí a kì nínú orin náà. A ṣì lè rí àwo rà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ oríkì inú rẹ̀ kò ní dúró dè wá títí.