Oògùn ibà gbówó lórí: oníkẹ́mísì abúlé ń tú páálí tà

Ní àwọn abà tó yí Aramọkọ, Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti Ìjerò ká, bí ibà bá mú ọmọdé lóru, ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń sáré lọ. Iye tí oníkẹ́mísì bá fi ra oògùn ló sì ń sọ bóyá tálákà yóò rí i lò.

Lọ́dún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n pa chloroquine tì, kí wọ́n máa lo ACT. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì.

Láàárín 2010 sí 2012 ni àjọ Global Fund dán ètò kan tí wọ́n ń pè ní AMFm wò ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó yẹ kí oníṣòwò mọ ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọn kò pín oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ni wọ́n san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ fún, kí àwọn tó ń kó o wọlé lè rà á ní ọ̀pọ̀. Láti ọwọ́ wọn ló ti bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà, títí tó fi dé ṣọ́ọ̀bù abúlé. Àmì ewé wà lára páálí rẹ̀. Owó já wálẹ̀, oníkẹ́mísì sì ń jèrè tirẹ̀.

Àmọ́ láti 2014, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yọ owó náà nínú ìrànwọ́ ibà tirẹ̀, inú owó yẹn kan náà ni ti àwọ̀n ẹ̀fọn sì ti ń jáde. Nígbà tí ìjọba wá fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní June 2023, oògùn òkè òkun tún gbówó lórí.

Ni oníbàárà tí owó rẹ̀ kò tó bá ní kí wọ́n tú páálí. Mẹ́rin mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ni àgbàlagbà ń lo èyí tó wọ́pọ̀ jù, 24 ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ta mẹ́jọ fún un, ibà náà lè padà, ìyókù páálí lè má rẹ́ni rà á, wọn yóò sì ní oògùn ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣiṣẹ́. (Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kári ọjà.)

Ó sàn kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NAPPMED tó wà ládùúgbò kan náà dawó jọ, kí wọ́n ra ọ̀pọ̀ páálí lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ alágbàtà tó níwèé àṣẹ, oògùn tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹdínwó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n lè fi ta odindi páálí láwìn fún àgbẹ̀ tí wọ́n mọ̀, kí ó san ìyókù nígbà tó bá ta kòkó.