Ìtọ́jú Ẹ̀dà Àṣelọ́wọ́ Kọ̀ǹpáílà GCC Lórí Linux

Ìfáárà

Ògbufọ̀ ni ẹni tí ó dúró láàárín èdè méjì, tí ó ń gbọ́ ti ọ̀kan, tí ó sì ń sọ ọ́ ní èkejì fún ẹni tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Kọ̀ǹpáílà ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ prógíráàmù a máa kọ ọ́ ní èdè tí ojú ènìyàn lè kà, bí C tàbí C++, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè wọ̀nyí. Kọ̀ǹpáílà ni ó ń túmọ̀ ohun tí ènìyàn kọ sí èdè ẹ̀rọ. Bí ògbufọ̀ kóòtù bá ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀, ẹni tí kò jẹ̀bi lè ṣẹ̀wọ̀n. Bí kọ̀ǹpáílà bá ṣi gbólóhùn kan túmọ̀, prógíráàmù tí kò ní àléébù kankan yóò máa ṣe ségesège, ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì máa wá ẹ̀bi náà nínú iṣẹ́ ara rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kókó ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni kọ̀ǹpáílà tí iṣẹ́ kò tíì parí lára rẹ̀, èyí tí a ó máa pè ní ẹ̀dà àṣelọ́wọ́. GCC lórí Linux ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé: báwo ni ènìyàn ṣe lè lo ògbufọ̀ tí kò tíì gbọ́ èdè tán, láìjẹ́ kí àṣìṣe rẹ̀ tàn káàkiri ilé?

Ibi tí GCC ti wá

Ní 1983 ni Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èrò rẹ̀ ni pé kí gbogbo ènìyàn ní àǹfààní láti ka kóòdù prógíráàmù tí wọ́n ń lò, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn. GCC jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1987. Nígbà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní Helsinki ní 1991, GCC ni ó fi ń túmọ̀ rẹ̀. Ní 1997, àwọn kan lára àwọn tí ń ṣe GCC yapa nítorí pé ẹ̀dà tuntun ń pẹ́ jù kí ó tó jáde. EGCS ni wọ́n pe tiwọn. Ìyapa náà parí ní oṣù Kẹrin 1999, tí EGCS sì di GCC gan-an.

Láti orí GCC 5 ní 2015 ni nọ́ńbà ẹ̀dà ti ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ẹ jẹ́ kí a wo GCC 10. Nígbà tí ó ń jẹ́ 10.0.0, wọ́n ṣì ń fi nǹkan tuntun kún un. Nígbà tí ó di 10.0.1, àtúnṣe àṣìṣe ni ó kù. 10.1 ni ẹ̀dà àṣeparí, oṣù Karùn-ún 2020 ni ó sì jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí òdo lẹ́yìn àmì tóótó àkọ́kọ́ yóò ti mọ̀ pé àṣelọ́wọ́ ni ó wà níwájú òun. Láàárín àkókò yìí, wọ́n a máa gbé ẹ̀dà kan síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Déètì ọjọ́ tí wọ́n gbé e síta ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́ lórúkọ.

Ta ni yóò wá máa lo ohun tí kò tíì parí? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí bí àwọn tí ń ṣe GCC ti lè pọ̀ tó, wọn kò lè ronú kan gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kọ prógíráàmù. Bí a bá rí àṣìṣe kan kí ẹ̀dà tó jáde, àtúnṣe rẹ̀ kì í ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan púpọ̀. Bí ó bá jáde tán, yóò ti wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún prógíráàmù kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe Debian àti Fedora fi ń fi kọ̀ǹpáílà tuntun tún àwọn ìdìpọ̀ prógíráàmù wọn túmọ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di kọ̀ǹpáílà tí gbogbo ènìyàn yóò máa lò.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Ohun kan wà nínú kíkọ́ kọ̀ǹpáílà tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè gbádùn. Èdè tí GCC ń túmọ̀ náà ni wọ́n fi kọ GCC fúnra rẹ̀. Láti orí ẹ̀dà 4.8 ní 2013, C++ ni. Ó di dandan, nígbà náà, kí kọ̀ǹpáílà kan ti wà nílẹ̀ kí òmíràn tó lè wáyé.

Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ní. Kọ̀ǹpáílà àtijọ́ tí ó wà lórí ẹ̀rọ ni yóò túmọ̀ kóòdù GCC tuntun. Èyí ni ìpele kìn-ín-ní. Èyí tí ó jáde níbẹ̀ yóò wá túmọ̀ kóòdù kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ni ìpele kejì. Ìpele kejì yóò tún túmọ̀ kóòdù kan náà, ìpele kẹta yóò sì jáde. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi àwọn fáìlì ìpele kejì wé ti ìpele kẹta. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá, nítorí pé kóòdù kan náà ni, ògbufọ̀ kan náà ni ó sì yẹ kí ó túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bí wọ́n bá yàtọ̀, àṣìṣe ti wà níbì kan, iṣẹ́ yóò sì dúró. Àmọ́ ṣá o, ìfiwéra yìí kì í mú ohun gbogbo. Ken Thompson ṣàlàyé ní 1984 pé bí ẹnìkan bá fi ẹ̀tàn pamọ́ sínú kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́, ẹ̀tàn náà lè máa bí ara rẹ̀ láti ìran dé ìran, kí ó má sì hàn nínú kóòdù tí ojú ń rí.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, GMP, MPFR àti MPC gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Àwọn ni GCC fi ń ṣe ìṣirò. Fódà ọ̀tọ̀ ni kí a ti máa kọ́ ọ, kì í ṣe inú fódà tí kóòdù wà. Iṣẹ́ náà lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí kọ̀ǹpútà kékeré. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, kò di dandan kí a tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àṣẹ `make` a máa wo ohun tí ó ti parí, a sì tẹ̀síwájú láti ibẹ̀. Fáìlì tí ó ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ lè ti bàjẹ́. Kí a pa á rẹ́ kí a tó tẹ̀síwájú. Bí ó bá parí, àṣẹ `make check` ni yóò fi àìmọye ìdánwò yẹ̀ ẹ́ wò.

Yàrá ọ̀tọ̀

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí a gbé ẹ̀dà àṣelọ́wọ́ jókòó sórí àga kọ̀ǹpáílà tí ẹ̀rọ ń lò lójoojúmọ́. Nígbà tí a bá ń pa àṣẹ `configure`, `--prefix` ni a fi ń sọ ilé tí ẹ̀dà tuntun yóò máa gbé. Bí a bá fún un ní fódà tirẹ̀, ọjọ́ tí ó bá sú ni, a ó kàn pa fódà náà rẹ́ ni. Debian ní ìdìpọ̀ kan fún irú iṣẹ́ yìí, gcc-snapshot ni orúkọ rẹ̀. Inú `/usr/lib/gcc-snapshot` ni gbogbo ohun tí ó ní wà, kò sì fọwọ́ kan èyí tí ó wà nílẹ̀. Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ kìlọ̀ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kọ́ ìdìpọ̀ Debian.

Ìpín ilé yìí kò tó nígbà mìíràn. Prógíráàmù C++ kì í dá rìn. Ó máa ń wá àwọn iṣẹ́ àjọlò tí ó bá kọ̀ǹpáílà rẹ̀ wá nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Prógíráàmù tí ẹ̀dà tuntun túmọ̀ lè dé ibẹ̀, kí ó bá ti ẹ̀dà àtijọ́, kí ó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. `LD_LIBRARY_PATH` ni a fi ń júwe ọ̀nà fún un. Kí a ṣe é fún prógíráàmù tí a ń dán wò nìkan, kì í ṣe fún gbogbo ẹ̀rọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2000 fi ìdí ìkìlọ̀ yìí hàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Red Hat gbé Red Hat Linux 7 jáde, kọ̀ǹpáílà tí ó wà nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ GCC 2.96. Kò sí ẹ̀dà àṣeparí kankan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. 2.95 jáde ní 1999, 3.0 ni ó sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà 2001. Àṣelọ́wọ́ ni 2.96. Red Hat ní ìdí tirẹ̀: 2.95 kò gbọ́ C++ tó, 3.0 kò sì tíì dé. Ṣùgbọ́n ohun tí 2.96 túmọ̀ láti inú C++ kò bá ti 2.95 mu, kò sì ní bá ti 3.0 mu. Ìgbìmọ̀ tí ó ń darí GCC ní láti kéde ní oṣù Kẹwàá pé àwọn kò gbé ẹ̀dà yìí jáde. Red Hat pàápàá fi kọ̀ǹpáílà kejì, kgcc, sínú ìdìpọ̀ rẹ̀ fún títúmọ̀ kókó inú Linux. A kò lè sọ pé ẹ̀dà náà kò wúlò rárá, nítorí pé Red Hat ṣe àtúnṣe púpọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ẹ̀bi ibẹ̀ ni pé wọ́n gbé ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú yàrá fún ẹni tí kò mọ̀ pé àṣelọ́wọ́ ni.

Àmì ohùn Yorùbá nínú GCC

Kí GCC 10 tó dé, ẹni tí ó bá fẹ́ lo lẹ́tà bí ọ nínú orúkọ ohun kan nínú prógíráàmù C ní láti kọ nọ́ńbà Unicode rẹ̀ dípò lẹ́tà náà. GCC 10 ni ó fàyè gba kí a kọ lẹ́tà náà gan-an. Ẹni tí ó bá sì ń lo ẹ̀dà àṣelọ́wọ́ ti lè dán an wò kí oṣù Karùn-ún 2020 tó pé.

Ẹ wo orúkọ bí ọjọ́. Ọ̀nà tí a lè gbà tẹ lẹ́tà tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹnìkan lè mú ọ tí ó ti ní àmì abẹ́ rẹ̀, kí ó wá gbé àmì ohùn òkè lé e. Ẹlòmíràn lè mú ó tí ó ti ní àmì ohùn, kí ó wá fi àmì abẹ́ sí i. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni GCC kà wọ́n sí. Iye tí a kó sínú ọ̀kan kò ní sí nínú èkejì. GCC a máa kìlọ̀ nípa ọ̀nà kejì yìí, nítorí pé kò bá ìlànà ìkọsílẹ̀ Unicode tí ó ń tẹ̀ lé mu.

Bí a bá rí irú ohun bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀dà àṣelọ́wọ́ kò ṣe dáadáa, ìròyìn tí ó wúlò fún àwọn tí ń ṣe GCC ni fáìlì kékeré tí ó fi àṣìṣe náà hàn, bí ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pẹ̀lú àṣẹ tí a pa àti déètì ẹ̀dà náà. Bí a bá mọ ọjọ́ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iṣẹ́ tún rọrùn sí i. Àyípadà 1,000 lè wà láàárín ọjọ́ méjì náà, ṣùgbọ́n bí a bá ń pín in sí méjì, tí a ń kọ́ èyí tí ó wà láàárín, tí a sì ń dán an wò, kíkọ́ bíi 10 ni yóò fi èyí tí ó fa àṣìṣe náà hàn. Nítorí èyí ni kò ṣe yẹ kí a pa ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá rẹ́ títí tí tuntun yóò fi yege ìdánwò.