Odídẹrẹ́ Nínú Àhámọ́

Nínú gbogbo ẹyẹ igbó ilẹ̀ Áfíríkà, kò sí èyí tí ó lè sín ohùn ènìyàn jẹ tó odídẹrẹ́. Àwọn àgbà a máa pè é ní ayékòótọ́, nítorí ohun tí ó bá gbọ́ ni yóò wí, ìbáà ṣe àṣírí onílé. Ọgbọ́n yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni àhámọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó yadi ni, bóyá ìkóóde ìdí rẹ̀ nìkan ni ènìyàn ìbá máa wá kiri.

Àwọn apẹyẹ a máa fi àtè sí ẹ̀ka igi tí odídẹrẹ́ ń bà lé, wọn a sì máa gun igi lọ kó ọmọ rẹ̀ nínú ihò. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kú kí wọ́n tó dé ọjà. Èyí tí ó bá yè, a ó gé ìyẹ́ apá rẹ̀, a ó sì máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹnìkan lè wí pé a kò fi ìyà jẹ ẹ́: àgbàdo rẹ̀ kò wọ́n, àṣá kò sì lè gbé e. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tú okùn lọ́rùn ajá ọdẹ, yóò bá olówó rẹ̀ wọ igbó, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé, nítorí ó ti pẹ́ púpọ̀ tí ìran ajá ti ń bá ènìyàn gbé. Ta ni ó tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún odídẹrẹ́ tí a mú ní igbó, láìkọ́kọ́ gé ìyẹ́ apá rẹ̀? Ẹyẹ ẹlẹ́gbẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn a máa sùn pọ̀ lórí igi kan, wọn a sì máa ké sí ara wọn. Bí a bá dá a há mọ́ òun nìkan, nígbà púpọ̀ a máa fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ ara rẹ̀, títí àyà rẹ̀ yóò fi wà ní ìhòòhò.

Ní ọdún 1977, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg, ra odídẹrẹ́ kan ní ìlú Chicago, ó sì sọ ọ́ ní Alex. Kí Alex tó kú ní 2007, ó ti mọ ọ̀rọ̀ tí ó lé ní 100. Ó lè sọ àwọ̀ àti ìrísí ohun tí a gbé sí iwájú rẹ̀, ó sì lè ka nǹkan dé 6. Bí iṣẹ́ bá sú u, a máa ní kí wọ́n dá òun padà sí ibùgbé òun. Ẹ̀kọ́ yìí pa ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wí pé àfarawé lásán ni ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ lẹ́nu mọ́. Òun náà ni ó sì mú kí ẹjọ́ ẹni tí ń há a mọ́ wúwo sí i, nítorí ẹ̀dá tí ó lè wí pé iṣẹ́ tó kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ilé.

Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fi òfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Ọ̀ràn èyí tí a bí sínú àhámọ́ ni kò rọrùn. Kò mọ igi eléso, kò mọ igbe ìkìlọ̀ nígbà tí àṣá bá ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn fún un nítorí àánú lè rán an lọ sí ikú. Irú èyí ni ó yẹ kí a wá ẹlẹgbẹ́ fún, kí a fún un ní àyè tí ó gbòòrò tó láti fò, àti igi tí yóò máa fi ẹnu fà ya. Ó sì lè gbé ju 40 ọdún lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá rà á ní ọjọ́ ogbó níláti wá ẹni tí yóò jogún ìtọ́jú rẹ̀.