Ìrìn-àjò ìjíhìnrere ìgbà kúkúrú fún kíkọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìrìn-àjò ìjíhìnrere ìgbà kúkúrú fún kíkọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìrìn-àjò tí àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni, pàápàá láti Amẹ́ríkà, Brítéènì, Kánádà àti Gúúsù Kòréà, máa ń rìn lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọ̀sẹ̀ kan títí dé oṣù díẹ̀, láti kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ kì í ṣe olùkọ́ nílé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe míṣọ́nnárì tó fi ìjíhìnrere ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n, tàbí òṣìṣẹ́ tó gba ìsinmi, tàbí àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìntì. Àwọn fúnra wọn àti ìjọ tó rán wọn ló máa ń dá owó ọkọ̀ òfurufú àti owó oúnjẹ jọ.

Ohun kan ló ya irú ìrìn-àjò yìí sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìjíhìnrere tí àwọn Yorùbá mọ̀ láti àtijọ́. Nígbà náà, àlejò ló ń jókòó kọ́ èdè onílé. Nínú ìrìn-àjò yìí, onílé ló ń kọ́ èdè àlejò. Láti inú ìyípadà yìí ni àǹfààní rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo àríyànjiyàn tó yí i ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn

Nígbà tí Henry Townsend ti ẹgbẹ́ CMS dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní ọdún 1843, ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ọdún náà gan-an ni wọ́n tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Bàtíìsì láti Amẹ́ríkà, wà ní ilẹ̀ Yorùbá fún ọdún bíi mẹ́fà, ohun tó sì mú lọ sílé ni ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ilé-iṣẹ́ Smithsonian tẹ̀ jáde ní ọdún 1858. Lóòótọ́, àwọn míṣọ́nnárì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù, Yorùbá náà ni wọ́n sì túmọ̀ Bíbélì sí.

Ní Jàpáánì, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Ìjọba ti fòfin de ẹ̀sìn Kristẹni fún ọdún tó lé ní igba nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Pùròtẹ́sítáǹtì àkọ́kọ́, lára wọn Guido Verbeck, Samuel Brown àti James Hepburn, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1859. Wọn kò lè wàásù ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáánì fẹ́ mọ ohun tí àwọn òyìnbó mọ̀, wọ́n sì nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Verbeck ṣí kíláàsì ní ìlú Nagasaki. Májẹ̀mú Tuntun àti ìwé òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára ohun tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ ń kà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó síwájú rẹ̀ ni Ōkuma Shigenobu. Ōkuma gba ìmọ̀ náà, ó di olórí ìjọba Jàpáánì lẹ́ẹ̀mejì, ó dá ilé ẹ̀kọ́ tó di Yunifásítì Waseda sílẹ̀ ní ọdún 1882, ṣùgbọ́n kò di Kristẹni. Ọdún 1873 ni ìjọba tó ká pátákó ìfòfindè náà kúrò ní ìta gbangba.

Ní Kòréà, Henry Appenzeller, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, dé ní ọdún 1885, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Seoul. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni Ọba Gojong fún ní orúkọ Pai Chai. Syngman Rhee wọ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1890 nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe nítorí ẹ̀sìn. Kò di Kristẹni títí ó fi bọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1899 lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ní ọdún 1948, ó di ààrẹ àkọ́kọ́ Gúúsù Kòréà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un ní kíláàsì kò so èso ìgbàgbọ́ lójú àwọn tó kọ́ ọ. Ọdún mélòó kan ló gbà.

Ọ̀kan lára àwọn ìrìn-àjò ọ̀rúndún náà kúrú gan-an. Ìjọba Jàpáánì gba William Clark, ọ̀mọ̀wé láti Massachusetts, láti ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Sapporo ní ọdún 1876. Oṣù mẹ́jọ péré ló lò níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ wọn, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó kọ ìwé májẹ̀mú ìgbàgbọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì buwọ́ lù ú. Uchimura Kanzō, tó wá di ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé Kristẹni tó lókìkí jù ní Jàpáánì, kò bá Clark ní kíláàsì rárá: lẹ́yìn tí Clark ti lọ ló wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Clark fi sílẹ̀ ló sì mú un buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá fẹ́ gbè sẹ́yìn ìrìn-àjò kúkúrú lè tọ́ka sí Sapporo. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún rántí pé oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọkọ̀ òfurufú ló sọ ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ díẹ̀ di ohun tí ọmọ ìjọ lásán lè ṣe. Ní ọdún 1957, George Verwer àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fi àkókò ìsinmi lọ pín ìwé ìhìnrere ní Mẹ́síkò, láti ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Operation Mobilisation ti wá. Loren Cunningham dá Youth With A Mission sílẹ̀ ní ọdún 1960. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì jẹ́ ọ̀ràn pàtàkì fún wọn nígbà náà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló gbé e dé iwájú. Èkínní ni bí Ṣáínà ṣe ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1978. Kò sí físà fún míṣọ́nnárì níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì ń wá olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lójú méjèèjì, àwọn ẹgbẹ́ Kristẹni láti Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó olùkọ́ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Èkejì ni ìṣubú ìjọba kọ́múníìsì ní ìlà-oòrùn Yúróòpù ní ọdún 1989. Èdè Rọ́ṣíà ti jẹ́ dandan ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Pólándì, Húngárì àti Tsẹkosilofákíà títí di ìgbà náà. Bí dandan náà ti kúrò, gbogbo òbí ló fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ kò sì tó. Àìtó yìí pọ̀ débi pé ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá fi ẹgbẹ́ Peace Corps rán olùkọ́ lọ sí Húngárì àti Pólándì ní ọdún 1990. Àwọn ìjọ tẹ̀lé ipa ọ̀nà kan náà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Àgọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oríṣi tó wọ́pọ̀ jù ní Yúróòpù. Àárọ̀ ni kíláàsì, fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀sán ni eré bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ ọwọ́ tàbí orin. Alẹ́ ni ìtàn Bíbélì àti ìjíròrò ní agbo kéékèèké. Ìsọ̀rọ̀gbèsì ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ju gírámà lọ, nítorí pé gírámà ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún dé ọdún, ẹni tí wọn yóò bá sọ ọ́ ni wọn kò rí.

Àwọn ẹgbẹ́ kan kò lo àgọ́ rárá. Ọ̀nà ti Let's Start Talking, tó ti inú Àwọn Ìjọ ti Kristi ní Amẹ́ríkà jáde, ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kan àti olùyọ̀ǹda kan jókòó pọ̀, kí wọ́n jọ máa ka Ìhìnrere Lúùkù, kí wọ́n sì máa sọ ohun tí wọ́n kà. Bíbélì ni ìwé kíkà, akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Josiah Venture, tó ń ṣiṣẹ́ ní Tsẹ́kì àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, máa ń ṣètò àgọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìjọ ìbílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó wá síbẹ̀ lè rí ẹni bá rìn nígbà tí àwọn àlejò bá ti wọkọ̀ lọ.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó máa ń ya àgọ́ tó wúlò yàtọ̀ sí èyí tí kò wúlò. Níbi tí kò bá ti sí onílé tó ń tọ́jú ètò náà, ẹgbẹ́ tuntun kì í mọ ohun tí ẹgbẹ́ èṣí kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ kan lè kọ́ bí a ṣe ń sọ orúkọ ẹni, ọjọ́ orí ẹni àti àwọ̀ tí ẹni fẹ́ràn ní èṣí, kí ó tún kọ́ ọ lọ́dún yìí, kí ó sì tún bá a pàdé lọ́dún tó ń bọ̀ lẹ́nu àlejò mìíràn.

Ìṣirò wákàtí

Ohun tí ìrìn-àjò ọlọ́sẹ̀ méjì lè fi kọ́ni ṣeé ṣírò. Bí kíláàsì bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó di wákàtí 30. Gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ìdánwò Cambridge fi síta, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nílò nǹkan bíi wákàtí 180 sí 200 lábẹ́ olùkọ́ kí ó tó dé ipele A2, níbi tí ó ti lè ra nǹkan lọ́jà, kí ó sì béèrè ọ̀nà. Láti dé ipele B1, níbi tí ó ti lè dá gbé láàárín àwọn tó ń sọ èdè náà, nǹkan bíi 350 sí 400 ló gbà. Olùkọ́ náà ní ìṣirò tirẹ̀: ìwé ẹ̀rí CELTA, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ èdè ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tuntun, máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 120, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda kò ṣe ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbéra.

Èyí kò sọ wákàtí 30 náà di asán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ní gírámà lórí ṣùgbọ́n tí ojú ń tì láti lanu lè jèrè púpọ̀ lọ́jọ́ mẹ́wàá, nítorí ìgboyà ni ó kù fún un. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá ni ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D.

Òfin àti òtítọ́ inú

Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, ìjọba Ṣáínà gbé ìlànà kan jáde lórí ìjọsìn àwọn àjèjì. Ó gba àjèjì láyè láti sin Ọlọ́run rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á léèwọ̀ fún un láti yí ọmọ Ṣáínà lọ́kàn padà sí ẹ̀sìn rẹ̀. Òfin Rọ́ṣíà ti ọdún 2016 fi dandan lé e pé kí ẹni tó bá ń jíhìnrere ní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ìjọ tí ìjọba mọ̀. Olùkọ́ tó bá wọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú físà olùkọ́ lè gbà pé àṣẹ Ọlọ́run ga ju ti ìjọba lọ. Ìyẹn kù sí ọwọ́ ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin bá ṣẹ̀, òun ni wọn yóò dá padà sílé, ará ìlú tó gbà á lálejò ni yóò dúró jẹ́jọ́.

Bí ewu náà ṣe lè tó hàn ní Afghanístàn ní oṣù Keje ọdún 2007, nínú ìrìn-àjò tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣùgbọ́n tó jẹ́ ti ìgbà kúkúrú bákan náà. Àwọn Tàlíbánì mú ọmọ ìjọ 23 láti Gúúsù Kòréà, wọ́n pa ọkùnrin méjì nínú wọn, wọ́n sì tú àwọn 21 yòókù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di òpin oṣù Kẹjọ. Lára àdéhùn ìtúsílẹ̀ náà ni pé Gúúsù Kòréà yóò dá iṣẹ́ míṣọ́nnárì rẹ̀ dúró níbẹ̀.

Ọ̀ràn òtítọ́ kan wà tí kò kan ìjọba rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí ìwé ìpolówó ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀fẹ́, tó wá nítorí ìdánwò yunifásítì tàbí iṣẹ́ tó ń wá, tó sì wá bá ìwàásù níbẹ̀, lè gbà pé wọ́n fi ọgbọ́n fa òun. Nínú àwọn Kristẹni tó ń kọ́ èdè pàápàá, ọ̀pọ̀ kò fara mọ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ sára ìwé ìpolówó pé ìjọ ló ni ètò, kí kíláàsì jẹ́ kíláàsì gidi, kí ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sì lè lọ sílé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láìsí ìtìjú.

Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ

Robert Phillipson, nínú ìwé rẹ̀ Linguistic Imperialism ti ọdún 1992, sọ pé ìtànkálẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tó ṣèèṣì: agbára ìjọba àti ti owó ló ń tì í. Ní ọdún 2003, Alastair Pennycook àti Sophie Coutand-Marin gbé ìbéèrè náà dé orí ìjíhìnrere, wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu lílo ẹ̀kọ́ èdè gẹ́gẹ́ bí ìbòjú fún un. Ìwé tí Mary Wong àti Suresh Canagarajah ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 2009 mú àwọn olùkọ́ Kristẹni àti àwọn tó ń ta kò wọ́n jókòó sí ojú ìwé kan náà. Canagarajah jẹ́ ọmọ Síríláńkà; òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ Kristẹni.

Ìbéèrè kan tún wà tó kan àwọn ọmọ Nàìjíríà ní tààràtà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ orílẹ̀-èdè méje ni físà olùkọ́ èdè tí Gúúsù Kòréà ń pè ní E-2 wà fún ní pàtàkì ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì: Amẹ́ríkà, Brítéènì, Kánádà, Áyálándì, Ọsirélíà, Nú Sílándì àti Gúúsù Áfríkà. Nàìjíríà, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìjọba rẹ̀ láti ìgbà òmìnira, kò sí nínú wọn. Lábẹ́ òfin yẹn, ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó ní oyè kankan láti yunifásítì, tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rí, lè gba físà náà, nígbà tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan láti Ìbàdàn, tó ti lo ogún ọdún ní kíláàsì, tó sì mọ ohun tó ń jẹ́ láti fi èdè mìíràn bẹ̀rẹ̀ ayé kí ó tó kọ́ ti òyìnbó, kò lè gbà á bẹ́ẹ̀.