Ìjàǹbá Ẹ̀rọ Ńlá Níbi Iṣẹ́ Ìkọ́lé àti Ọ̀nà Ṣíṣe ní Lọ́kọ́ja: Ohun Tó Yẹ Kí Olùkọ́ Fi Kọ́ni

Ìfáárà
Láti ọdún 2006 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé iṣẹ́ fífẹ títì Àbújá sí Lọ́kọ́ja fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, katapílà, gírédà àti típà ti di ohun tí ojú wa mọ̀ dunjú. Àwọn àkẹ́kọ̀ọ́ wa náà máa ń dé irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà SIWES. Kókó iṣẹ́ yìí ni pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ni kí a dá lẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú: awakọ̀ ní irin tó bò ó, lébírà kò ní.

Bí ìjàǹbá ṣe ń ṣẹlẹ̀
Èkíní ni típà tó ń fi ẹ̀yìn rìn. Awakọ̀ kò lè rí ẹni tó dúró gan-an lẹ́yìn ọkọ̀, ariwo ẹ̀rọ mìíràn sì lè bo fèrè mọ́lẹ̀. Èkejì ni katapílà tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Bí apá rẹ̀ ṣe ń yí síwájú ni ìdí rẹ̀ ń yí lẹ́yìn. Ẹni tó bá wà láàárín ìdí yìí àti ògiri, yóò há síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ̀rọ dojú dé. Àárín Òkè Pátí àti Odò Ọya ni Lọ́kọ́ja wà: ilẹ̀ dagun níhìn-ín, ó rọ̀ lọ́hùn-ún, pàápàá lásìkò òjò. Awakọ̀ tí kò de bẹ́líìtì lè já bọ́, kí ẹ̀rọ sì wó lù ú.

Ìlànà kan rọrùn láti rántí: bí o kò bá rí ojú awakọ̀, kò rí ọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa darí ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ katapílà àfi tí ó bá gbé apá rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ẹni tó fara pa
Òfin owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò yọ lébírà ojúmọ́ tàbí ọmọṣẹ́ sílẹ̀, kódà bí àdéhùn bá jẹ́ ti ẹnu lásán. Ẹni tó fara pa gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14; agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó àjọ náà, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Lébírà tó gba owó oògùn, tó sì dákẹ́ lọ sílé, lè fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣòfò.

Ìkádìí
Kí a fi ẹ̀kọ́ yìí kún ìmúrasílẹ̀ SIWES, kí a sì kọ́ ọ ní èdè tí àkẹ́kọ̀ọ́ ń sọ nílé: Yorùbá, Ẹ̀bìrà, Ígálà, Núpé tàbí Haúsá. Ìkìlọ̀ tí kò yé ni kò lè gba ẹ̀mí là.