Ẹ dá ẹni tó ń wá iṣẹ́ lóhùn

Aago mẹ́rin òru ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde kúrò nílé òbí rẹ̀ ní Kétu. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kútọnu ni ó pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣírò owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ní ìwé ẹ̀rí. Ó gba Pobẹ̀, Ṣakẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ kọjá. Ọ̀nà náà ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ.

Aago mẹ́jọ kọjá, aago mẹ́wàá kọjá. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán, akọ̀wé kan yọjú. Ó ní ọ̀gá rin ìrìn àjò, kí ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n fún un ní ìdánwò kíkọ. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún pè é. Ọkùnrin mẹ́ta bi í ní ìbéèrè fún ìdajì wákàtí. Wọ́n yìn ín, wọ́n sì wí pé: « A ó pè yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. »

Ọ̀sẹ̀ náà dé, ó sì kọjá. Foonu kò dún. Ọmọ náà pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún un: « Ẹ ṣì máa retí. » Ó retí. Oníṣòwò kan ní Pobẹ̀ ní kí ó wá máa bá òun kọ ìwé owó ọjà, ṣùgbọ́n ó kọ̀, nítorí ó gbà pé iṣẹ́ Kútọnu kò ní pẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Oṣù méjì kọjá kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò pé ẹni tí wọ́n gbà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Oníṣòwò Pobẹ̀ náà sì ti rí ẹlòmíràn.

Ohun tí ìdákẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn

Ilé-iṣẹ́ kò lè gba gbogbo ẹni tó wá. Bí àyè kan bá ṣí, tí ogún ènìyàn sì ń wá a, mọ́kàndínlógún ni yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí a sọ « rárá » fún lè sunkún lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ó sì jí lọ wá iṣẹ́ níbòmíràn ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ nǹkan kan fún kò lè lọ síwájú, kò sì lè padà sẹ́yìn.

Owó ń lọ pẹ̀lú: owó ọkọ̀, owó zémìjàn, owó ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí, owó òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sí i ní mẹ́rì. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gbà láàyè ni 52.000 sẹ́fà. Ẹni tí kò tíì gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí, ta ni ń san owó ìrìn àjò rẹ̀? Owó tí ìyá ọmọ Kétu yìí fi pamọ́ láti ra ẹ̀gẹ́ tí yóò fi ṣe gàrí ni ó bá ọ̀nà Kútọnu lọ.

Kí ni kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ ṣe?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ènìyàn tó dìde níwájú àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: ọjọ́ wo ni ìdáhùn yóò jáde? Ta ni òun lè pè? Èló ni owó oṣù? Kí ó kọ wọ́n sílẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, kí ó pè wọ́n. Bí wọn kò bá sọ ohun tó dájú, kí ó máa wá iṣẹ́ lọ. Ó lè fi orúkọ sílẹ̀ ní ANPE, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bá ènìyàn wá iṣẹ́. Kí ó má ṣe kọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ nítorí ìlérí ẹnu. Ìwé àdéhùn tí a ti fọwọ́ sí nìkan ni ó dájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa kéékèèké pẹ̀lú. Aránṣọ tó ń wá ọmọ iṣẹ́ àti ìyá ọlọ́jà tó ń wá ẹni tí yóò bá a tajà náà a máa wí pé: « Máa lọ, n ó ránṣẹ́ sí ọ. » Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ kò bá ní ránṣẹ́, ẹ má ṣe sọ ọ́. Kò gba àkókò láti wí pé: « A ti rí ẹlòmíràn. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. »

Ọmọ Kétu náà tún lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó béèrè ọjọ́ ìdáhùn kí ó tó dìde lórí àga. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, wọ́n pè é: wọn kò gbà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì, ó tún gba ọ̀nà Pobẹ̀ lọ láti wá iṣẹ́ mìíràn.